Ìdánrawò lórí Òkè Ìdànrè kí ẹ tó kọjú sí Kilimanjaro

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì, Ìbàdàn la sì ń gbé. A ti san àsansílẹ̀ láti gun Kilimanjaro ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, ọ̀nà Machame, ọjọ́ mẹ́fà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gun òkè gíga rí. A fẹ́ lọ dán ara wa wò lórí Òkè Ìdànrè ní Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá. Kí ni ká ṣe lọ́jọ́ náà, ṣé ó sì tó? Ohun mìíràn tó ń dùn mí ni pé ó máa ń tètè rẹ ọ̀rẹ́ mi obìnrin yẹn, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kó yáa fà sẹ́yìn kó má baà dá wa dúró lọ́nà. Ìyá Ìbejì, Bódìjà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Gbólóhùn tí ẹ fi parí ìbéèrè yín ló jẹ mí lógún jù, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Ìdànrè kò lè ṣe fún yín, kí ẹ má baà gbé ẹrù tí kò lè rù lé e lórí.

Ṣóńṣó Kilimanjaro, ní Tanzania, ga ní 5,895 mítà sí ojú òkun. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, 2,419 mítà ni. Nínú gbogbo òkè tó wà nílẹ̀ Yorùbá, kò sí èyí tó tó 2,000. Ibùdó tí ẹ máa sùn sí lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ní nǹkan bíi 3,000 mítà, ti ga ju ibikíbi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa lọ. Bí èèyàn bá sì ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i. Lórí Uhuru, tí í ṣe ṣóńṣó pátápátá, ẹ lè mí títí, bí ìdajì ọ́síjìn tó mọ́ yín lára ní Ìbàdàn ló máa wọlé nínú èémí kọ̀ọ̀kan. Ara lè kọ́ bí yóò ṣe gbé pẹ̀lú ìyẹn, àmọ́ orí òkè gíga nìkan ló ti ń kọ́ ọ, ó sì ń gbà á ní ọjọ́ púpọ̀. Ẹ lè gun Ìdànrè lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró yín yóò ṣì jẹ́ àlejò ní 4,000 mítà.

Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ kò fi kan Ìdànrè rárá. Ẹ pe àwọn tí ẹ sanwó fún, kí ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ méje lẹ fẹ́. Ọ̀nà Machame kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ máa sun oorun òru kan ní ibùdó Karanga, ní nǹkan bíi 4,000 mítà, kí ẹ tó bọ́ sí Barafu, ibùdó ìkẹyìn kí ẹ tó gun ṣóńṣó, tó wà ní nǹkan bíi 4,670. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa òkè gíga máa ń kìlọ̀ pé bí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tó ń sùn lálẹ́ má fi ju 500 mítà ga ju ibi tó sùn lánàá. Ẹ wá wo ètò tiyín. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ ti wà ní Shira, ní nǹkan bíi 3,800. Ìyẹn ti kọjá ìwọ̀n. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ máa gòkè dé Lava Tower, nǹkan bíi 4,600, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ wá sùn ní Barranco, nǹkan bíi 3,950. Èyí dára gan-an, nítorí pé ká gòkè lọ́sàn-án ká sì sọ̀kalẹ̀ wá sùn lálẹ́ ni ọ̀nà tí ara fi ń mọ òkè. Àmọ́ kí ẹ kúrò ní Barranco, kí ẹ dé Barafu lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì tún dìde ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ yẹn láti kọjú sí ṣóńṣó, ó pọ̀ jù fún ẹni tí kò gun òkè gíga rí. Mo mọ̀ pé owó ọjọ́ kan yẹn á dun àpò. Bó bá di dandan pé kí ẹ yan láàárín rẹ̀ àti ẹ̀wù òtútù olówó ńlá, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ rà.

Ojú mi rí i kí n tó mọ èyí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo ti ń kó èèyàn gun òkè nílé fún ọdún mẹ́rin, mo sì lè sáré gun àtẹ̀gùn Ìdànrè láìdúró. Lọ́jọ́ kejì lórí Kilimanjaro, mo fi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sílẹ̀ lẹ́yìn, mo ti jókòó ní Shira fún bíi wákàtí kan àtààbọ̀ kí wọ́n tó dé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan. Mo ní ibà ni, mo gbé oògùn ibà mì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ní Lava Tower, mo ti bì títí tí kò fi sí nǹkan mọ́ nínú mi. Amọ̀nà wa wo ojú mi, kò bá mi jiyàn, ó ní kí igbákejì òun mú mi sọ̀kalẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, obìnrin kan wà tó jẹ́ ẹni ọdún 52, tó ń rọra rìn bí ẹni tó ń jáde ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Òun ló dé ṣóńṣó.

Kì í ṣe àkàndá. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko kò fi bẹ́ẹ̀ ní ààbò kankan lọ́wọ́ àìsàn òkè gíga. Yíyára gòkè ló ń fà á, ẹni tí ara rẹ̀ le ló sì máa ń rí agbára yára. Àwọn amọ̀nà Tanzania á máa pariwo fún yín láti àárọ̀ dé alẹ́ pé "pole pole", ẹ ò sì ní nílò ògbufọ̀, nítorí etí Yorùbá máa gbọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kí wá ni Ìdànrè wà fún? Ó wà fún ẹsẹ̀, fún ẹrù, àti fún ẹnu. Ẹnu ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì ṣòro jù.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lọ sí ìlú àtijọ́ lórí Òkè Ìdànrè lé ní 600. Bí ìkọ̀ọ̀kan wọn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 17 tàbí 18, àpapọ̀ 600 kò ju nǹkan bíi 105 mítà lọ. Láti Barafu dé Uhuru lóru ọjọ́ ìkẹyìn, ó lé ní 1,200 mítà. Èyí fi hàn pé ẹ máa gun Ìdànrè bí ìgbà mọ́kànlá sí méjìlá kó tó dọ́gba, nínú òkùnkùn, nínú òtútù tó lè mú omi inú ìgò dì. Ìrìn yẹn sì máa ń gba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ gun Ìdànrè bí àwọn tó ń gun Kilimanjaro ṣe ń rìn, ó yẹ kí àtẹ̀gùn yẹn gbà yín tó ìṣẹ́jú 30 sí 40. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 15 dé òkè, ẹ kò tíì ṣe ìdánrawò kankan, eré ìje lẹ sá. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ kan ń yára jù ni pé mo máa ń ní kí ẹnì kan máa ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ lọ bó ṣe ń gòkè. Bó bá ti ń já gbólóhùn láàárín láti fa èémí, kí gbogbo yín dín ìrìn kù.

Ẹ máa gun ún ní ìgbà mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ á sọ pé ó pọ̀. Kì í ṣe nítorí ìgòkè ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá dé Uhuru, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ dé ibùdó Mweka tó wà ní nǹkan bíi 3,100 mítà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 5,895, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,800 mítà, lórí orúnkún tí kò fojú ba oorun. Nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀, iṣan iwájú itan ló ń ṣe bíréèkì. Bó ṣe ń di ìwọ̀n ara mú ló ń fà gùn, ìyẹn ló sì ń dá ọgbẹ́ kéékèèké sí i tó máa ń dunni ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ohun tó ń dín in kù jù ni kí iṣan ti ṣe irú rẹ̀ rí láìpẹ́. Ẹsẹ̀ tó bá sọ àtẹ̀gùn Ìdànrè kalẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin á ro yín, bó bá sì tún ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìrora náà á ti dín kù gan-an. Ẹ máa tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ le gbandi. Ẹ ra ọ̀pá ìrìn méjì méjì, kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ ti kúrò ní Ìbàdàn, kí ẹ sùn sí Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wakọ̀ láti òru, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní aago mẹ́wàá nígbà tí oòrùn ti gun òkúta, oòrùn ló máa bá jà, kò ní rí nǹkan kan kọ́ nípa òkè. Ẹ ti bá àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀ ṣáájú pé ẹ fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú amọ̀nà ọmọ ìlú náà. Ìgòkè kìíní àti èkejì, ẹ gbé báàgì ẹ̀yìn fífúyẹ́, omi àti oúnjẹ nìkan. Ẹ̀kẹta, ẹ fi kún un kó tó kílò 6, nítorí ìwọ̀n tí ẹ máa gbé fúnra yín lórí Kilimanjaro nìyẹn. Àwọn alárù ló ń gbé ẹrù ńlá. Nínú ìgòkè kẹta yìí, ẹ má yí padà lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wọ inú ìlú àtijọ́ lọ, ẹ dé ààfin Ọwá, ẹ rìn lórí òkúta síwájú níbi tí amọ̀nà bá gbà yín láyè dé, níbi tí ilẹ̀ kò ti tẹ́ tí ẹsẹ̀ sì ní láti ronú. Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ó dùn mí pé àwọn tó ń wá ṣe eré ìdárayá níbẹ̀ máa ń kọjá lára ilé àwọn baba ńlá yẹn bí ẹni pé ògiri lásán ni. Ẹ dúró, ẹ béèrè ìtàn, ẹ bọ̀wọ̀ fún ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má tẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹ má kúrò lórí àtẹ̀gùn rárá. Òkúta Ìdànrè tó bá tutù máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, mo sì ti rí ẹni tó kán ọwọ́ níbẹ̀.

Ti ẹrù kò gùn. Bàtà tí ẹ máa gbé lọ Tanzania ni kí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín kó kúrú, nítorí ìka ẹsẹ̀ máa ń lu iwájú bàtà nígbà ìsọ̀kalẹ̀; bí ó bá ń lu ú ní Ìdànrè, bàtà yẹn ti kéré, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí gìgísẹ̀ bá ta yín bí iná, ẹ dúró, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi bándéèjì alátè bò ó. Iléròrò tí ẹ fojú fò ní Sátidé kò burú púpọ̀, àmọ́ èyí tó bá yọ lọ́jọ́ kejì ìrìn ọjọ́ méje lè dá èèyàn padà. Ẹ má wọ aṣọ òwú sára. Ó máa ń fa òógùn mu, kì í sì í tètè gbẹ, aṣọ tútù lára ní Barafu sì léwu. Ẹ kò nílò láti ra gbogbo nǹkan ní tuntun. Nínú ọjà bọ́síkọ̀rọ̀ ni mo ti rí ẹ̀wù òtútù méjì tó dára jù lọ nínú èyí tí mo ní. Ní ti oúnjẹ, ẹ kó oríṣiríṣi dání, ìpékeré, kúlíkúlí, ẹ̀pà, ẹyin sísè, ṣin-ṣin, kí ẹ sì wo èyí tí ọ̀fun yín ṣì gbà nígbà tó bá ti rẹ̀ yín dé góńgó. Òkè gíga máa ń pa ebi. Ohun tí ẹ kò bá lè jẹ nínú àárẹ̀ ní Ìdànrè, ẹ kò ní lè jẹ ẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Omi inú ọ̀rá ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ sílé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Tanzania ti ka ọ̀rá ìkẹ́rù léèwọ̀, wọn kì í sì í gba ìgò omi ìlò-ẹ̀ẹ̀kan láàyè lórí Kilimanjaro. Ẹ fi ìgò tó ṣeé bu omi sí léraléra kọ́ra láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì máa ka iye tí ẹ ń mu. Lókè, lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ ni.

Ó ku ẹnu. Ìyá Ìbejì, ẹ fetí sí mi dáadáa níbí.

Àwa Yorùbá ní àṣà kan tó dára, tí mo sì fẹ́ràn. Bí wọ́n bá bi wá pé ara ńkọ́, "a dúpẹ́" la máa ń dáhùn, ì báà jẹ́ pé orí ń fọ́ wa, ì báà jẹ́ pé a kò tíì jẹun láti àná. Ọmọdé kì í ráhùn níṣojú àgbà, ọkùnrin kì í fẹ́ kí obìnrin kọ́kọ́ gbọ́ pé ó ti rẹ òun. Lórí òkè gíga, àṣà yìí lè pa èèyàn. Àìsàn òkè máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́, inú ríru, òòyì, àti àárẹ̀ tí kò lọ lẹ́yìn ìsinmi. Bí ẹni náà bá sọ ọ́ ní kíákíá, tó dúró níbi tó wà, ó sábà máa ń rọlẹ̀. Bó bá fi pamọ́, tó tún ń gòkè sí i, omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sínú ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ń rìn ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ̀gẹ́ bí ọ̀mùtí, tí kò lè fi gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan kan ìka ẹsẹ̀ kejì kó sì rìn tààrà, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́, ọpọlọ rẹ̀ ti ń wú. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń wúkọ́ tí itọ́ rẹ̀ ń hó, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń gba omi. Sísọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀, kódà ní aago méjì òru. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Nítorí náà, ní Ìdànrè, ní gbogbo ibi ìsinmi tó wà lójú àtẹ̀gùn, kí ẹ dúró kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: orí ńkọ́? inú ńkọ́? ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú yín ni kó máa béèrè. Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ dáhùn pé "dáadáa ni" tàbí "a dúpẹ́". Kí oníkálukú fi nọ́ńbà dáhùn, láti òdo dé mẹ́wàá, kí ó sì sọ ibi tó ń dùn ún. "Orí, òdo. Inú, méjì, ẹyin yẹn ń yí mi nínú. Ẹsẹ̀, mẹ́rin, gìgísẹ̀ ọ̀tún." Ní ìgòkè kìíní, ojú á máa tì yín. Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dé gan-an nìyẹn kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ tún jọ ṣe àdéhùn kan pé orí fífọ́ lókè kì í ṣe ibà títí tí yóò fi hàn pé ibà ni. Ẹ ti gbọ́ ohun tí oògùn ibà fi mí ṣe: ó jẹ́ kí n rò pé mo ti wo ara mi sàn.

Ìgòkè kẹrin wá ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún ẹni tó kéré jù yẹn láṣẹ pé níbikíbi tó bá wù ú lójú ọ̀nà, kó kàn sọ pé "ó tó". Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo yín yí padà kí ẹ máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ má béèrè ìdí. Ẹ má sọ pé ó ku díẹ̀. Agbára á ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín, òkè á wà níbẹ̀ tí ẹ ń wò ó, ó sì máa ka yín lára láti kẹ̀yìn sí i. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè yí padà lórí àtẹ̀gùn tí ewu kankan kò sí, ẹ má retí pé wọ́n á lè yí padà ní 5,700 mítà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná owó tó tó ìyẹn, tí wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ẹbí.

Ó wá kan ọ̀rẹ́ yín. Ẹ sọ fún àwọn ọkùnrin méjèèjì pé èrò pé ó máa dá yín dúró kò tọ̀nà. Lórí Kilimanjaro, òfin ni pé kí ẹ ní amọ̀nà, ilé-iṣẹ́ tó bá sì mọṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi àwọn igbákejì kún un, kó lè jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ní láti sọ̀kalẹ̀, igbákejì á bá a lọ, àwọn yòókù á sì máa lọ síwájú. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ béèrè pé igbákejì mélòó ló máa wà fún èèyàn mẹ́rin. Kó má dín ní méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ètò ìrìn yín padà. Mo lè fojú inú rí bó ṣe ń lọ nísinsìnyí: àwọn ọkùnrin wà níwájú, òun ló kẹ́yìn. Bí wọ́n bá dé ibi ìsinmi, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á dúró dè é. Bó bá ti yọ, wọ́n á dìde, wọ́n á ní "ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n ti sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun kò sinmi rárá. Báwo ni kò ṣe ní rẹ̀ ẹ́? Iwájú ni kí ẹ fi í sí, kí ìrìn tirẹ̀ jẹ́ ìrìn gbogbo yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun nìkan ló ń rìn bó ṣe yẹ kí a rìn lókè lọ́hùn-ún.

Àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹ fojú fo àárẹ̀ rẹ̀ náà. Kí ó lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tó, pàápàá bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá máa ń pọ̀. Kí wọ́n wo ìfúnpá, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn mẹ́ta yòókù náà ẹ lọ, ẹ má fi í ṣe ti òun nìkan. Kí gbogbo yín sì mọ jẹ́nótáìpù yín pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kì í ṣe ohun tí ẹ rántí láti ilé ìwé. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ gun Kilimanjaro; afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré lè dá ìrora burúkú sílẹ̀ nínú ara rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ọ̀pọ̀ AS ń gun òkè gíga láìsí wàhálà, àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ lè dí ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, èyí tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Bí AS bá ní ìrora gbígbóná lójijì ní ìhà òsì lókè, kó má pè é ní ọgbẹ́ inú, kó sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà níbẹ̀ lè máà mọ̀ nípa èyí, torí náà ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó gbéra. Ẹ bi dókítà náà nípa acetazolamide, èyí tí wọ́n ń pè ní Diamox, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè mọ òkè. Bí Septrin tàbí Fansidar bá ti yọ èèyàn nínú yín lára rí, kó sọ fún dókítà kó tó gbé Diamox sẹ́nu. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé ṣáájú; ó máa ń mú kí ìka ọwọ́ máa jó èèyàn yìnyìn, ó sì máa ń mú kéèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ má gbàgbé ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà wọ Tanzania gbọ́dọ̀ mú un dání.

Ṣé Sátidé kan tó? Kò tó. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ gun àtẹ̀gùn ilé alájà púpọ̀ tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Màpó lẹ́ẹ̀mẹta, wákàtí kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Ní oṣù kejìlá, ẹ lọ sí Adó-Àwáyè níbi tí adágún Ìyákẹ wà lórí òkè, tàbí kí ẹ gun ìpele méjèèje omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, nítorí ọjọ́ tí ara ti ń ro èèyàn látàná ni Kilimanjaro fi pọ̀ jù. Ní ọjọ́ mẹ́wàá tó bá kù kí ẹ lọ, ẹ sinmi.

Ní Ìdànrè náà, kí ẹ má wọkọ̀ padà lálẹ́ Sátidé. Ẹ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí itan bá ń ro yín tó bẹ́ẹ̀ tí dídìde lórí àga fúnra rẹ̀ ti di iṣẹ́, ẹ padà lọ sídìí àtẹ̀gùn yẹn kí ẹ gun ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i. Ọ̀rẹ́ yín ni kó ṣíwájú, ẹ̀yin tẹ̀lé e, kí àwọn ọkùnrin méjèèjì wà lẹ́yìn pátápátá. Ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́, kí ẹni tó kéré jù béèrè: orí ńkọ́?